Ihò Inú Ṣíbí

Àtẹ́lẹwọ́ ló kọ́kọ́ tẹ́ lé koríko. Kì í ṣe pé ó kàn fọwọ́ kàn án o. Ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ìka márààrún yà síra wọn, bí ìyá ṣe ń fọwọ́ lé iwájú orí ọmọ tó ní òun ò lè lọ sílé ìwé. Ó dúró díẹ̀. Ó sún ọwọ́ síwájú, ó tún tẹ́ ẹ. Ìrì ṣì wà nílẹ̀. Ìka tó kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ mọ ibi tí ilẹ̀ dà sí, òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìdí. Nígbà tí ọwọ́ rí ibi tó wù ú, ó fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dìde, ó fa irin rẹ̀ mọ́ra.

Irin náà dà bí agolo tí kò nísàlẹ̀, tí wọ́n wá de ọwọ́ gígùn méjì mọ́ lókè. Ó gbé e lé ojú àmì. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, irin wọlẹ̀. Ó fà á jáde. Odidi ìṣù ilẹ̀ kan bá a jáde, koríko dé e lórí bíi fìlà. Ìṣù yẹn ló máa gbé lọ dí ihò àná, tó máa fi gìgísẹ̀ tẹ̀ títí tí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí. Àsíá á wá bọ́ sínú ihò tuntun. Ó parí.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń gbẹ́ ihò.

Pápá gọ́ọ̀fù ni, kì í sì í ṣe ti àwọn olówó. Ti gbogbo ará ìlú ni. Apòògùn ń gbá a níbẹ̀, olùkọ́ ìwakọ̀ ń gbá a, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ń gbá a, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sì pọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ihò méjìdínlógún, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ihò kì í pẹ́ lójú kan, torí ẹsẹ̀ èèyàn máa ń tẹ etí rẹ̀ bàjẹ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé e kúrò. Obìnrin yìí ló ń gbé e. Agbẹ́hò ni gbogbo wọn ń pè é, ó sì ti pẹ́ tí inú kò ti bí i sí i mọ́.

"Agbẹ́hò, ihò wo lẹ tún gbẹ́ fún wa lónìí?"

"Èyí tó máa gbé yín mì ni."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á kọjá.

Kò gbá bọ́ọ̀lù yẹn rí láyé ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbá a kò kàn án. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni ìdí tí wọ́n fi ń padà wá. Ṣebí ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe. Àgbàlagbà á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara rẹ̀ láti ihò kìíní. Á pe igi ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀. Á wọ igbó lọ wá bọ́ọ̀lù, á jáde pẹ̀lú ewé lórí, á búra pé òun ò ní dá irú ẹ̀ láṣà mọ́ láyé òun, wọ́n bí òun re. Tó bá di Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun ló máa kọ́kọ́ dé. Pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tuntun.

Kí ló dé? Ta ló fi wọ́n bú?

Ó wá ìdáhùn sí i fúnra rẹ̀. Tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, tó sì ti mú búrẹ́dì rẹ̀ jáde, ó máa ń jókòó sẹ́yìn ilé irinṣẹ́, níbi tí ẹni tó bá ń bọ̀ láti ihò ìkẹyìn gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó ń rí i níbẹ̀. Òun ń gbọ́ wọn.

Ihò ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó là á sílẹ̀ kò fẹ́ràn ọmọ aráyé rárá, àbí kó jẹ́ pé ó fẹ́ràn wọn jù. Adágún omi dábùú ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù tó bá sọdá omi ló ń bá gíríìnì, ìyẹn ibi tí wọ́n gẹ koríko sí mọ́lẹ̀ bí irun ọmọ ogun, tí àsíá dúró sí. Gíríìnì ọ̀hún kò tẹ́jú. Òkè ni ẹ̀yìn rẹ̀, iwájú rẹ̀ ń yọ̀ lọ sínú omi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Apá ọ̀tún nìkan ló ti jin díẹ̀, tó rí roboto bí inú ṣíbí ìdáná. Ṣíbí náà ni Agbẹ́hò sọ ọ́. Bọ́ọ̀lù tó bá ti bọ́ sítòsí ibẹ̀, inú ẹ̀ ló ń yí lọ, bí ẹni tí ìyá ẹ̀ pè. Kì í gbẹ́ ihò síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó má gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ni kì í gbà.

Fàráńdà ilé ẹgbẹ́ wọn wá kọjú sí gbogbo ẹ̀. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá gbá tirẹ̀ tán kì í lọ sílé. Á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ lé irin fàráńdà, á máa wo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí bọ́ọ̀lù bá já sómi, wọ́n á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ kú ìwẹ̀ o!" Bó bá sọdá, gbogbo fàráńdà á dìde dúró. Pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbàlagbà.

Tí wọ́n bá wá ń kọjá lẹ́yìn ilé irinṣẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ kì í yàtọ̀.

"Díẹ̀ ló kù."

"Ó kù bíńtín báyìí."

"Ká ní atẹ́gùn yẹn ò fẹ́ ni. Ẹ ẹ̀ rí i? Ẹ ẹ̀ rí bó ṣe fẹ́?"

Atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Agbẹ́hò á máa jẹ búrẹ́dì rẹ̀, á máa mi orí. Gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀, ihò mẹ́tàdínlógún tí wọ́n fi fojú winá, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Díẹ̀ tó kù yẹn nìkan ni wọ́n ń gbé lọ sílé.

Bàbá rẹ̀ wà lára wọn.

Káfíńtà ni bàbá náà, kó tó fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé, àga, pẹpẹ. Nígbà tí ìyá Agbẹ́hò kú, bàbá padà sílé láti ibi ìsìnkú, ó jókòó sórí àga kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, lẹ́bàá fèrèsé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dìde mọ́. Tíì á tutù níwájú rẹ̀. Irùngbọ̀n ń hù. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, á ní "Ẹn-ẹ́n," á sì tún kọjú sí fèrèsé. Fèrèsé ọ̀hún kò sì kọjú sí nǹkan kan ju ògiri ilé kejì lọ.

Sátidé kan ni Agbẹ́hò fà á lọ́wọ́ dé ibi iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ jókòó náà ni, kó wá jókòó síbi tí atẹ́gùn wà. Bàbá jókòó ní fàráńdà. Ó pẹ́ títí. Apòògùn kan gbé igi rẹ̀ tì í, bàbá wò ó, ó gbé e, ó yí orí rẹ̀ wò.

"Ta ló so irin yìí mọ́ ọ̀pá yìí?"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe tà á fún mi nìyẹn."

"Wọn ò so ó dáadáa. Ó ń mì. Ìdí nìyẹn tí o fi ń gbá a sígbó."

Apòògùn yìí ni wọ́n ń pè ní Ìgbín, torí á yí bọ́ọ̀lù ká, á bẹ̀rẹ̀, á nàró, á tún yí i ká, kó tó lù ú. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ gbà á, kẹ́ ẹ fi hàn mí."

Bàbá gbà á. Ó lu bọ́ọ̀lù náà sínú omi.

"Ẹ kú ìwẹ̀ o!"

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá ń fá irùngbọ̀n ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ó ra ògbólógbòó igi, ó tún gbogbo rẹ̀ so. Kò mọ̀ ọ́n gbá, kò sì jọ pé ó máa mọ̀ ọ́n. Bó bá gbá ihò kìíní bàjẹ́, kò kàn án. Bó bá sọ bọ́ọ̀lù nù ní ìkẹfà, á mú òmíràn lápò. Ti ìkẹyìn ló ń dù. Lórí ihò yẹn, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀ẹ̀mẹrin péré gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Mẹ́rin ni wọ́n ń pè é. Bàbá ti gba márùn-ún rí. Ó ti gba mẹ́jọ. Ó gba iye kan rí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Kò gba mẹ́rin rí.

Ó wá di Sátidé kan. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ sọdá omi, ó gun gíríìnì. Ó kù kó gbá a lẹ́ẹ̀kan, kó pé mẹ́rin. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù yí lọ, ó yí lọ, ó dé etí ihò, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó dúró.

Gbogbo fàráńdà na ọrùn.

"Bàbá Káfíńtà," Ìgbín ké, "ẹ wúkọ́ sí i!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti bọ́ọ̀lù náà bí ẹni dúró ti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn lójú. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Ó ń dùn yín ni, Bàbá?"

"Kì í ṣe òní ló ti ń dùn mí." Ó rìn díẹ̀. "Ìyá mi, bí mo bá gba mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, mo lè wá sinmi."

Ìyá mi ló máa ń pè é bí ọkàn rẹ̀ bá rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ rẹ̀ lákínyẹmí ara. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bó ṣe ń fọ abọ́ ló ń rí bọ́ọ̀lù tó dúró létí ihò. Kí ló burú níbẹ̀? Ọwọ́ ta ni irin wà? Ọ̀gá pápá kì í bi í léèrè ibi tó gbé ihò sí. Ibi tó bá gbé e sí, ibẹ̀ ni ihò wà.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó tẹ́wọ́ lé koríko apá ọ̀tún. Ọwọ́ ní rárá. Ó tẹ irin wọlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ náà.

Ó gbẹ́ ihò sí àárín gbùngbùn Ṣíbí.

Nígbà tó kan bàbá, bó ṣe gbá a lẹ́ẹ̀kìíní, bọ́ọ̀lù wọ igbó. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dé etí omi. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọdá, ó bọ́ sí òkè gíríìnì pátápátá, níbi tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà ló yí padà sẹ́yìn. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún, ó wọ inú Ṣíbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan àsíá. Bàbá rìn lọ bá a. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ẹni tẹ agogo ẹnu ọ̀nà.

Mẹ́rin.

Fàráńdà dìde. Bàbá ṣí fìlà. Ojú Agbẹ́hò ń ta á lẹ́yìn ilé irinṣẹ́, ó ní iyanrìn ni. Bí bàbá ṣe ń kọjá, ó dúró de ohun tó máa sọ. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń mí.

Nǹkan kan tún wà tó ṣe é ní kàyéfì lọ́jọ́ náà. Fàráńdà tètè tú. Kò rí irú ẹ̀ rí. Oòrùn ṣì wà lókè, àwọn èèyàn ti ń wọ bàtà, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, kò sẹ́ni tó ní ìtàn tó fẹ́ sọ. Ó wò wọ́n, kò rí ìdí rẹ̀.

Nígbà tó délé, bàbá ti nu gbogbo igi rẹ̀ mọ́. Ó ti fi aṣọ ibùsùn àtijọ́ wé wọn. Ó fi okùn dì wọ́n, kókó káfíńtà, èyí tí kì í tú bọ̀rọ̀. Ó gbé wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ti ṣe é tán."

Ó lọ jókòó sórí àga. Ẹ̀bá fèrèsé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Agbẹ́hò wọlé bá a, irùngbọ̀n ti ń yọ.

"Ẹ ò tíì múra?"

"Múra lọ síbo?"

"Bàbá, òní ni Sátidé."

"Mo mọ̀ pé Sátidé ni. Jókòó." Ó jókòó. "Bí mo bá kan ilẹ̀kùn fún èèyàn, tí mo ṣí i, tí mo tì í, tó sì wọlé géérégé. Ṣé màá tún wá dúró síbẹ̀, kí n máa ṣí i, kí n máa tì í, títí onílé á fi jáde wá bi mí pé kí ló ń ṣe mí?"

Ọmọ rẹ̀ bu tíì fún un. Tíì tutù.

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ohun tó ti ń wò láti ọjọ́ yìí, ṣé òun náà ló tún ń yà á lẹ́nu? Kò sí ẹnì kan tó ti gbọ́ rí lẹ́yìn ilé irinṣẹ́ tó sọ pé òun ti rí i gbà pátápátá. Ihò ìkẹyìn kò fún wọn. Ó máa ń fún wọn ní ìdajì, á di ìdajì tó kù mú, wọ́n á sì padà wá gbà á. Òun ló fún bàbá rẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni tó fẹ́ ṣàánú. Ó ti gbẹ́ bàbá rẹ̀ padà sórí àga.

Sátidé mìíràn tún kọjá. Irùngbọ̀n ti kún. Ni Ìgbín bá wá kí wọn nílé, ó gbé àpò ọsàn dání, ó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Káfíńtà! Ṣé ẹ ń bá wa jà ni?"

"Kí ni mo fẹ́ bá yín jà sí? Mo ti parí tèmi ni."

"Ẹ parí kí ni?"

"Mẹ́rin. Ìwọ náà ò rí i ni?"

"Háà, ti ọjọ́ yẹn!" Ìgbín jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn láìgbàṣẹ. "Ọjọ́ yẹn kẹ̀? Èmi gan-an gba mẹ́rin. Èmi! Olùkọ́ ìwakọ̀ gba mẹ́ta, ó sunkún. Onífíríìjì, tí kì í rí ọ̀ọ́kán, tó ń kí òpó iná pé ẹ káàárọ̀, òun náà gba mẹ́rin. Bàbá, lọ́jọ́ yẹn, bí ajá bá rí igi dì mú, ó máa gbà á. Ẹ̀yin ẹ wá torí ìyẹn jókòó sílé?"

Ó rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ títí omi ọsàn fi bọ́ sí i láṣọ. Agbẹ́hò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kẹ́tùlù lọ́wọ́. Kò lè wọlé, kò lè padà sẹ́yìn.

Ìgbín lọ. Bàbá kò yíjú kúrò lójú fèrèsé.

"Níbo ni ihò wà lọ́jọ́ yẹn?"

Ó lè parọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó rọrùn: òkè ni, Bàbá, ibi tó máa ń wà náà ni. Bó bá parọ́, mẹ́rin bàbá á ṣì jẹ́ mẹ́rin, á sì máa wo ògiri ilé kejì lọ títí. Bó bá sọ òótọ́, á gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ ọn nínú láti ọjọ́ tí ìyá ti lọ.

"Inú kòtò apá ọ̀tún ni," ó ní. "Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Torí yín ni."

Bàbá dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà wọlé géérégé.

Ní àárọ̀ Sátidé, bí Agbẹ́hò ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ó bá bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà. Ó fi lẹ́fẹ̀lì sábíyá, igi gbọọrọ tó ní gíláàsì àti omi láàárín, èyí tí àwọn káfíńtà fi ń mọ̀ bóyá pákó tẹ́jú.

"Jẹ́ ká lọ," bàbá ní.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé gíríìnì ìkẹyìn. Bàbá tẹ orúnkún tó ń dùn ún mọ́lẹ̀ létí Ṣíbí. Ó gbé lẹ́fẹ̀lì lé koríko. Ìhó kékeré, atẹ́gùn tó há sínú omi náà, sá lọ sí igun kan, bí ẹni tí wọ́n lé. Ó gbé e lọ sí apá kejì. Ìhó sá padà. Ó yí i ká bẹ́ẹ̀, apá gbogbo ló ti ń dà wọnú.

"Gbogbo ẹ̀," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ ló ń lọ síbì kan."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"O gbé bàbá ẹ sínú abọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Sínú abọ́! O wá ń yí mi bí oúnjẹ ọmọdé." Ó fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ti ń dà á láàmú. Ó ń mi èjìká rẹ̀. "Onífíríìjì! Onífíríìjì gba mẹ́rin! Ọkùnrin tó ń kí òpó iná!" Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí koríko tútù, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́. "Mo ti gbé igi mi dì, ìyá mi. Mo ti ta kókó mọ́ ọn."

"Màá bá yín tú u."

"O ò lè tú u. Kókó tèmi ni." Ó na ọwọ́ sí i, ọmọ rẹ̀ fà á dìde. "Gbé irin ẹ. Gbẹ́ ihò ẹ. Má jẹ́ kí n rí ibi tó wà."

Ó kẹ̀yìn sí gíríìnì, ó kọjú sí omi, ó da ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má wẹ̀yìn. Agbẹ́hò kúnlẹ̀. Ó tẹ́wọ́ lé koríko, ìka márààrún yà síra wọn. Ó gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sómi àmọ́ tí kò tíì dà. Ọwọ́ gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ sómi.

"Ẹ kú ìwẹ̀ o!"

Ó mú òmíràn, ó tún gbá ìyẹn sómi. Ó juwọ́ sí fàráńdà. Kó tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó ti lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, Ìgbín ló sì kà á sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́. Nígbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ilé irinṣẹ́, ó fa ẹsẹ̀ kan, ìbọ̀wọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe fún olùkọ́ ìwakọ̀. Ó yọ ìbọ̀wọ́ lẹ́nu.

"Díẹ̀ ló kù," bàbá ní. "O ò rí i?"

Láti ìgbà náà, Agbẹ́hò kò gbẹ́ ihò sínú Ṣíbí mọ́. Bàbá kò tíì gba mẹ́rin. Wọ́n ti gbé àga kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ilé ìdáná ni ó wà báyìí, wọ́n ń kó aṣọ tí wọ́n bá fọ̀ lé e.